Wọ́n ní kí ọmọ mi lọ rọọ́kún nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ta ni kó máa ṣọ́ ọ?

ÌyáAláta_Bódìjà · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ká mi lára tí mo fi ní kí n gbé e síwájú yín. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, SS1 ló wà nílé-ìwé ìjọba kan níbí ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́rú tó kọjá, aago mọ́kànlá àárọ̀ kò tíì lù tó fi dé bá mi nínú ọjà, ó gbé ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́. Ìwé tí wọ́n fà ya láàárín ẹsaasáìsì ni o, kì í ṣe lẹ́tà. Ìlà kan péré ló wà níbẹ̀: orúkọ ọmọ, "ìjà", "ọ̀sẹ̀ 2", àti òǹtẹ̀ ilé-ìwé. Òógùn ọwọ́ ọmọ ti jẹ́ kí yíǹkì òǹtẹ̀ náà ṣàn.

Ìjà orí bẹ́ǹṣì ni. Ọmọ márùn-ún ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní kíláàsì wọn. Ẹni tó bá pẹ́ dé, orí fèrèsé ni tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Òun ní àwọn méjì ló ń jà, pé òun lọ là wọ́n ni. N kò ní búra fún un o, ó lè ti fi ẹ̀ṣẹ́ kan tàbí méjì kún un. Ibi tí wọ́n ti ń fa ara wọn ni fáìsì púrínsípà ti wọlé. Wọ́n kọlu bàbá náà, gíláàsì ojú rẹ̀ já bọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni fáìsì fa bírò yọ. Kò bi ẹnì kankan pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń jáde lọ dúró de lọ́rì tó ń kó tàtàṣé àti rodo bọ̀ láti Òkè Ọya. Bàbá rẹ̀ kò sí. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó jókòó tì mí, ó ń bá mi ṣa ata tó ti rà kúrò lára èyí tó dáa. Lónìí ó ní òun fẹ́ lọ kàwé nílé ọ̀rẹ́ òun. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó kángun sí mi ló wá ta mí lólobó pé òun rí i nínú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, òun àti àwọn géńdé tó ju bàbá rẹ̀ lọ, gbogbo wọn gbójú sókè sí tẹlifíṣàn. Ẹ jọ̀ọ́, ìyà nìyí àbí họ́lídè?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọ̀sẹ̀ méjì nítorí bẹ́ǹṣì! Kí wọ́n kọ́kọ́ ra bẹ́ǹṣì ná.

Alábòójútó · Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ má dárúkọ ilé-ìwé tàbí olùkọ́ kankan níbí o. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ sọ.

Tíṣà_Onímátì · Ọjọ́ Ajé, 10:22 alẹ́

Màmá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Tíṣà ni mí, ọdún kẹtàdínlógún rèé nílé-ìwé ìjọba l'Ékòó. Ọmọ 94 ló wà nínú kíláàsì SS2 tí mo ń kọ́ ní ìṣirò. Kánsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo la ní fún ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún, òun kan náà ló tún ń kọ́ wọn ní Civic. Ní táàmù tó kọjá, ọmọ kan la ìgò mọ́ ògiri, ó na èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sí ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Àwọn ọmọ ń já lójú fèrèsé. Èmi ni mo dúró sáàárín àwọn méjèèjì, ṣọ́ọ̀kì ni mo mú lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ọmọ yín ni wọ́n na ìgò sí, ṣé ẹ máa gbà kí onígò padà wá jókòó tì í lọ́jọ́ kejì?

Wọ́n ní ká ju pásán nù, a jù ú nù. Bí a bá ní kí ọmọ gé koríko, òbí á ti fi fídíò rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó di ọ̀sán. Ní báyìí, ẹ tún ní ká má ṣe ní kó lọ sílé. Kí ló wá kù sí wa lọ́wọ́? Ẹ rántí Ògùn lọ́dún 2021, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń na tíṣà. Ó di dandan kí ìjọba ní kí òbí àti ọmọ jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé ọmọ á hùwà bí ọmọlúàbí. Kì í ṣe pé a kórìíra ọmọ ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ó yẹ kí wọ́n bi ọmọ yín. N kò lè gbè sẹ́yìn fáìsì níbẹ̀ yẹn. Níbi tiwa, ọmọ á kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, a ó ránṣẹ́ pe òbí, púrínsípà ló sì máa fọwọ́ sí i.

BàbáÀgbà_Ẹ̀gbá · Ọjọ́ Ajé, 10:47 alẹ́

Ní 1974 tí mo wà ní fọ́ọ̀mù mẹ́ta, ẹgba mẹ́fà ni lójú gbogbo asẹ́ńbìlì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Wàá padà sí kíláàsì, wàá máa fi ìdí kan jókòó, ṣùgbọ́n wàá gbọ́ ohun tí tíṣà ń kọ́. Kò sẹ́ni tó pàdánù ẹ̀kọ́. Ẹ dá pásán padà, gbogbo ariwo yìí á rọlẹ̀.

Adé_Àkúrẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 11:05 alẹ́

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Ẹgba tí ẹ ń wí yìí, ọ̀kan ṣìnà ní JSS2 mi lọ́dún 2004, ojú ọ̀tún ló bà. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, bí mo bá fọwọ́ bo ti òsì, n kò lè ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà níwájú mi. Mo pẹ́ dé ni ẹ̀ṣẹ̀ mi.

BàbáÀgbà_Ẹ̀gbá · Ọjọ́ Ajé, 11:12 alẹ́

Áà. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi.

Akọ̀wé_Kóòtù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi òfin díẹ̀ sí i, nídìí rẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 36, ní bí wọ́n bá fẹ́ dá ẹjọ́ tó kan ẹ̀tọ́ ẹnì kan, ẹni náà gbọ́dọ̀ ráyè sọ tẹnu rẹ̀. Ẹjọ́ tí àwọn lọ́yà sábà máa ń fà yọ lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni ti Garba àti Yunifásítì Maiduguri, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ní 1986. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá rògbòdìyàn sílẹ̀, yunifásítì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, wọ́n sì lé wọn dànù. Ta ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀? Igbákejì ọ̀gá àgbà yunifásítì ni, bẹ́ẹ̀ ìjàǹbá rògbòdìyàn náà kan òun fúnra rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní kò tọ́, wọ́n da lílé tí wọ́n lé wọn nù. Màmá, ẹ wá wo gíláàsì fáìsì yẹn dáadáa. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ náà ló tún jókòó dájọ́, kò sì gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni. Yunifásítì kì í ṣe sẹ́kọ́ńdìrì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìyàtọ̀ nínú ohun tí ẹjọ́ náà kọ́ wa.

Èkejì: òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, sọ ẹ̀kọ́ di dandan láti pírámárì títí dé JSS3. Òbí tí kò bá jẹ́ kí ọmọ lọ, ìkìlọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe fún un. Bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ₦2,000 ni tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Tí wọ́n bá wá ní kí ọmọ JSS2 lọ jókòó sílé fún oṣù kan, òfin ń lé e lọ sílé-ìwé, ilé-ìwé ń lé e padà sílé. Ọmọ màmá ti kọjá JSS3, kò kàn án, mo kàn ní kí ẹlòmíì gbọ́ ni.

Ní ti pásán, bàbá wa, òfin fúnra rẹ̀ ò tíì bá ara rẹ̀ ṣọ̀kan. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí Ọ̀yọ́ gbà wọlé ní 2006 tí Èkó sì gbà ní 2007, lòdì sí ìyà tó bá tàbùkù ọmọ tàbí tó pa á lára. Criminal Code àtijọ́, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, abala 295, ṣì wà níbẹ̀ tó ń gba tíṣà láàyè láti na ọmọ níwọ̀nba, bí kò bá ti dá egbò.

Bọ́ìsì_Agége · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:33 àárọ̀

Nígbà tiwa, wọ́n á ní "lọ mú bàbá ẹ wá." Ọlọ́kadà kan wà ní jọ́ńṣàn wa tó jẹ́ bàbá gbogbo wa. ₦200 ló ń gbà. Bí ẹ bá fẹ́ kó bínú kó sì gbá yín létí lójú púrínsípà, ₦300. Lọ́jọ́ kan ó wá fún ọmọ méjì lọ́jọ́ kan náà, púrínsípà ní "ẹ̀yin náà tún ni?" Ó ní ìyàwó méjì lòun ní.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:41 àárọ̀

Ẹ ti pa mí o 😂

ÌyáÈkìtì_Houston · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:18 ọ̀sán

Màmá, ẹ kú ọjà. Texas ni mo wà, mo ti tọ́ ọmọ mẹ́ta gba ilé-ìwé ìjọba kọjá níbí. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ lọ sílé ní Texas, òfin ò gbà kó ju ọjọ́ 3 lọ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí wọ́n sábà máa ń lò ni ISS (in-school suspension): ọmọ á wá sílé-ìwé, ṣùgbọ́n kò ní wọ kíláàsì, yàrá kan ni wọ́n á fi í sí títí ilé-ìwé á fi jáde. Ọmọ mi obìnrin jókòó síbẹ̀ ọjọ́ méjì nítorí fóònù. Mo lọ wò ó. Páálí ni wọ́n fi la àárín ọmọ kan sí èkejì, kálukú dojú kọ ògiri, iṣẹ́ kíláàsì wà níwájú wọn, obìnrin àgbà kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ó ń hun swẹ́tà. Kò sí fóònù, kò sí ẹjọ́. Nígbà tó dé ilé, ó ní òun ì bá jẹ ẹgba.

Ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n bi ọmọ léèrè yẹn, wọ́n ti fà á dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbí. Ní Columbus, Ohio, wọ́n lé àwọn ọmọ kan sílé fún ọjọ́ 10 láìjẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Goss v. Lopez ni orúkọ ẹjọ́ náà, 1975 ni wọ́n dá a. Adájọ́ 5 gbà, 4 kọ̀, ibi tó sì já sí ni pé bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 10 péré, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọ pé ohun báyìí lo ṣe, bó bá sì sẹ́, kí wọ́n sọ ẹ̀rí tí wọ́n ní, kó wá ro tirẹ̀. Wọn ò ní kí ó gba lọ́yà. Kí ẹ jókòó, kí ẹ bi í, ìṣẹ́jú márùn-ún tó.

Àmọ́ ẹ má rò pé ibí dáa tán o. Ní 1994, wọ́n ṣòfin pé ọmọ tó bá gbé ìbọn wá sílé-ìwé, ó kéré tán kí wọ́n lé e fún ọdún kan. Ìbọn ni òfin wí. Àwọn ilé-ìwé wá nà án dé orí àrífín, dé orí "ó fojú di tíṣà." Ta ni wọ́n ń lé jù? Nínú ìròyìn tí àwọn ayẹ̀wéwò ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018, ọmọ aláwọ̀ dúdú kò ju 15 àbọ̀ lọ nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n ní kó lọ sílé, 39 ni wọ́n. California ti wá sọ ọ́ dòfin pé láti July 2024, àrífín nìkan ò tó láti fi lé ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì sílé mọ́.

Tíṣà_Onímátì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Mà, ẹ jọ̀wọ́, màmá tó ń hun swẹ́tà yẹn ńkọ́? Ta ló ń sanwó rẹ̀? Níbi tiwa, yàrá ò tó fún àwọn tí kò ṣẹ̀, ká má tíì sọ ti àwọn tó ṣẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Peckham · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:26 ìrọ̀lẹ́

Èmi ni ọmọ tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Year 9 (bíi JSS3) ni mo wà ní South London nígbà tí wọ́n lé mi pátápátá, 2009. Kí wọ́n tó lé mi, wọ́n ti ní kí n lọ sílé lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Òfin England kò burú bí ẹ bá kà á: àpapọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lè ní kí ọmọ fi wà nílé láàárín ọdún ẹ̀kọ́ kan kò gbọ́dọ̀ kọjá 45. Ọjọ́ 5 àkọ́kọ́, ọrùn òbí ni, bí wọ́n bá rí ọmọ ní gbangba lásìkò ilé-ìwé láìnídìí, òbí á san owó ìtanràn. Bó bá di ọjọ́ kẹfà, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ibòmíì tí ọmọ á ti máa kàwé. Màmá mi ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, alẹ́ ló ń lọ, àárọ̀ ló ń sùn. Tó bá ti sùn, èmi náà á ti wọ bàtà. Àwọn tó kù tí wọ́n lé sílé bíi tèmi ni mò ń lọ bá níwájú ṣọ́ọ̀bù adìẹ díńdín. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí wọ́n torí ẹ̀ lé mi gbẹ̀yìn.

Màmá mi wá ṣe ohun tí gbogbo màmá Yorùbá ń ṣe ní London. Ó ní à ń lọ kí Màmá Àgbà fún họ́lídè. A dé Ìjẹ̀bú, ó gba páásípọ́ọ̀tù mi, ó fi mí sílé-ìwé bọ́dìn. Ọdún mẹ́ta. Àwọn kan á ní ibẹ̀ ló tún mi ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n nà mí títí, kò mú nǹkan wá. Ọ̀gá ilé kan ló wà níbẹ̀, àgbàlagbà, tó máa ń ní kí n wá bá òun ka ìwé ìròyìn lálẹ́ nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ìwà lọ́jọ́ kan. Aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù, mo ti mọ ibi tí mo gbọ́dọ̀ wà.

Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2023/24, iye ìgbà tí wọ́n ní kí ọmọ lọ sílé ní England lé ní 950,000. Mo ń ronú nípa iye ṣọ́ọ̀bù adìẹ tó wà.

ÌyáAláta_Bódìjà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:55 alẹ́

Ọmọ mi, mo ka tìrẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ka á sókè kí ti èmi náà gbọ́. Ó dákẹ́, ó ní "ṣé lóòótọ́ ni wọ́n gba páásípọ́ọ̀tù ẹ̀?"

Alága_PTA · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:20 alẹ́

Tíṣà béèrè ẹni tó máa sanwó. Níbi tiwa, ní Ọ̀ṣun, stóòrù tí wọ́n ń kó àwo oúnjẹ àtijọ́ sí la palẹ̀ mọ́. A rí tíṣà obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ ò jìnnà, PTA ń fún un lówó ọkọ̀ àti nǹkan díẹ̀ lóṣooṣù. Ọmọ tí wọn ì bá ní kó lọ sílé, ibẹ̀ ló ń lọ. Ó gbọ́dọ̀ kọ gbogbo nóòtù tí kíláàsì rẹ̀ kọ lọ́jọ́ náà kó tó jáde. Ti onígò àti ẹgbẹ́ òkùnkùn yàtọ̀ o, ìyẹn di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ìjọba. Ti ìjà, ti fóònù, ti irun, ti pípẹ́ dé, stóòrù ti tó. Ibi tó ti ń ni wá lára: tí màmá náà bá ṣàìsàn, kò sí ẹlòmíì.

Màmá, ẹ má pariwo lórí fóònù, ẹ lọ bá púrínsípà. Ẹ mú ọkùnrin kan nínú mọ̀lẹ́bí dání. Kí ọmọ kọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ẹ mú owó gíláàsì lọ́wọ́. Bí kò bá gbọ́, ọ́fíìsì alámòójútó ẹ̀kọ́ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.

ÌyáAláta_Bódìjà · Ọjọ́bọ̀, 7:48 alẹ́

Mo ti dé o. Àná ni mo lọ, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ọmọ ti kọ tirẹ̀, ojú ìwé kan àbọ̀. Púrínsípà kà á tán, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ìwé pélébé yẹn, pé orí tábìlì ni òǹtẹ̀ máa ń wà. Ó ránṣẹ́ pe àwọn méjì tó kù. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ lọ sílé rárá, kíláàsì ló wà látọjọ́ náà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Fáìsì ń wo fèrèsé.

Wọ́n ní ọjọ́ tó ti lò nílé ti tó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa dé ṣáájú aago méje fún ọ̀sẹ̀ kan láti gbá kíláàsì. Owó gíláàsì jẹ́ ₦18,000, wọ́n pín in sọ́nà mẹ́ta. Mo ka ₦6,000 tèmi sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ bẹ fáìsì, nítorí wọ́n fọ́ gíláàsì ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní kí n dìde, kò wo ojú mi.

Ohun tó kù ni pé wọ́n ti ṣe tẹ́ẹ̀sì méjì nígbà tó wà nílé. Tíṣà báyọ́ gbà láti tún tirẹ̀ ṣe fún un. Ti ìṣirò kò gbà, òdo ló wà níbẹ̀. Ó ní ọmọ 80 lòun ń kọ́, òun ò lè máa ṣe tẹ́ẹ̀sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Tíṣà_Onímátì · Ọjọ́bọ̀, 8:06 alẹ́

Kí ni wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì lé lórí?

ÌyáAláta_Bódìjà · Ọjọ́bọ̀, 8:11 alẹ́

Ó ní logarithm.

Tíṣà_Onímátì · Ọjọ́bọ̀, 8:15 alẹ́

Mò ń fi ìbéèrè 10 ránṣẹ́ sí ìnbọ́ọ̀sì yín báyìí. Kó ṣe é lálẹ́ yìí, kó fi gbogbo wọ́kíìnì hàn, kó má fo ìlà kankan. Kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, màá máàkì í kí n tó sùn. Lọ́la kó mú un lọ bá tíṣà rẹ̀ ní ìgbà bíréèkì, kì í ṣe lójú kíláàsì. Ọmọ 94 ni èmi ń kọ́, mo mọ ohun tó máa jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ rọ̀.

ÌyáAláta_Bódìjà · Ọjọ́bọ̀, 8:19 alẹ́

Ẹ ṣeun, tíṣà. Ó ti ń wá bírò.